Àgò Onílé O: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Gbé Ìgbé Ayé Rẹ̀ ní Ítálì

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gbé fáìlì lọ́wọ́ wọlé, mo rí yín o, mo sì mọ ohun tó wà nínú fáìlì yẹn. Àmọ́ àwọn tó pè mí ò ní kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń rí físà gbà. Wọ́n ní kí n wá sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń jí, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn ní Ítálì. Inú mi dùn sí i, torí èmi kì í ṣe ajẹ́ńtì.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni mo dé Bologna, ìlú kan ní apá àríwá Ítálì, láti lọ kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ìtàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń gbé mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní ìsàlẹ̀ ilé wa, ká lọ gba lẹ́tà kan tí wọ́n ṣì gbé fún un. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá ti rí wa, ó ti ń juwọ́ sí wa pé ká máa bọ̀. Síbẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Permesso?" Ìyá dáhùn láti inú lọ́hùn-ún pé, "Avanti, avanti!" Ìgbà yẹn ló tó gbẹ́sẹ̀ wọlé. Ẹ̀rín pa mí. Wọ́n ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín? Mo ní nílé wa ní Ìbàdàn, "Àgò onílé o" là ń wí, onílé á sì dáhùn pé, "Àgò yà."

Ọ̀rọ̀ kan náà yẹn ni orúkọ ìwé tí ìjọba Ítálì fi ń gba àlejò láyè láti gbé ìlú wọn. Permesso di soggiorno ni wọ́n ń pè é. Àgò ìgbélùú. Ohun tí mo wá sọ lónìí ò ju bẹ́ẹ̀ lọ: àgò méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ń ké níbẹ̀, ti ẹnu ọ̀nà àti ti orí ìwé. Ọmọ Yorùbá ti mọ ti ẹnu ọ̀nà kó tó kúrò nílé. Ti orí ìwé ló ń gbomi lójú èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìtàn díẹ̀ há yín lẹ́nu, ẹ̀yin náà lẹ pe onítàn. Ọdún 1088 ni wọ́n máa ń kà sí ọdún ìbẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Bologna. Kì í ṣe pé gómìnà kan wá gé ríbọ́ọ̀nù. Àwọn tó ti ìlú òkèèrè wá kọ́ ìmọ̀ òfin ni wọ́n kó ara wọn jọ. Àlejò ni wọ́n, ìyà àlejò sì ń jẹ wọ́n: bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè ní Bologna tó sì sá lọ, wọ́n lè mú ọmọ ìlú rẹ̀ tó ń kàwé níbẹ̀ kó wá san án. Ọba Frederick Barbarossa ti Jámánì, tó ń jọba lé ibẹ̀ lórí nígbà yẹn, ló ṣòfin ní nǹkan bí ọdún 1155 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ fún gbèsè tí ará ìlú rẹ̀ jẹ. Nígbà tó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pín ara wọn ní ìlú-ìlú bí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tiwa níbí. Universitas ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní èdè Látìnì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yunifásítì ti wá.

Ẹgbẹ́ yìí ló ń gba olùkọ́, òun ló ń sanwó fún un, òfin rẹ̀ sì le. Olùkọ́ tó bá pẹ́ dé, owó ìtanràn ni. Tó bá kọjá àkókò, owó ìtanràn ni. Tí kíláàsì rẹ̀ ò bá pé èèyàn márùn-ún, wọ́n á kà á sí pé kò wá rárá. Mo mọ olùkọ́ bíi mélòó kan níbí tí ì bá ti jẹ gbèsè wọ kóòtù.

Ẹ rí i pé àlejò ló dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá tò síwájú fèrèsé ọ́fíìsì kan ní ìdájí, nínú òtútù, kẹ́ ẹ lè gbà tíkẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìwé. Èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbà ni codice fiscale, nọ́ńbà owó-orí. Láìsí i, kò sí àdéhùn ilé, kò sí síìmù fóònù, kò sí àkáǹtì ní báńkì. Àmì 16 ló wà nínú rẹ̀, inú orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín ni wọ́n sì ti ń fà á yọ. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta nínú orúkọ bàbá yín, mẹ́ta nínú orúkọ tiyín. Ibi tó ti kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín nìyẹn, torí fáwẹ̀lì ló pọ̀ nínú orúkọ wa. Ẹni tó ń jẹ́ Ayọ̀, Y nìkan ni kọ́ńsónáǹtì tó ní, wọ́n á wá fi fáwẹ̀lì dí àyè tó kù. Ó di YAO. Tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á fi 40 kún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọjọ́ 12 nínú oṣù ni wọ́n bí mi, 52 ló wà nínú kóòdù mi. Mo kọ́kọ́ rò pé akọ̀wé ló ṣàṣìṣe, mo fẹ́ bá a jà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Z335. Àmì Nàìjíríà nìyẹn. Gbogbo wa tí wọ́n bí níbí, Ìjẹ̀bú ni o, Sókótó ni o, Z335 ni wá lọ́dọ̀ wọn.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ tún níṣẹ́ nínú. Lẹ́tà 21 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn. J, K, W, X àti Y, ti àwọn àjèjì ni. Ẹ wá wo Jídé, Kẹ́hìndé, Wọlé, Yẹmí. Lórí fóònù, orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń pe lẹ́tà: A ti Ancona, B ti Bologna, D ti Domodossola. Ẹ tètè há a sórí. Ọjọ́ tí mo lè pe orúkọ bàbá mi tán lórí fóònù láìjẹ́ pé wọ́n ní "Ẹ tún un sọ," mo gbà pé mo ti dé Ítálì.

Àgò ìgbélùú ló tẹ̀ lé e. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 8 tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti lọ gba àpòòwé ńlá kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá a padà. Nígbà tèmi, sítáǹbù ìjọba jẹ́ 16 yúrò, ilé ìfìwéránṣẹ́ gba 30, owó káàdì 30 yúrò àti 46 sẹ́ńtì, owó ìjọba 40 yúrò. Wọ́n á wá fún yín ní rìsíìtì àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ tẹ̀ka lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Rìsíìtì yẹn, ẹ má fi ṣeré. Òun ni permesso yín títí káàdì á fi dé, káàdì sì máa ń pẹ́. Oṣù kan kọ́, oṣù méjì kọ́. Mo mọ àwọn tí káàdì wọn tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ orí rẹ̀ pé, tí wọ́n tún gba àpòòwé mìíràn lọ́jọ́ kejì.

Ìlera náà ní ìwé tirẹ̀. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba kò pé 150 yúrò lọ́dún nígbà tí mo débẹ̀. Láti 2024 ó ti di 700. Ẹ fi í sínú ìṣirò yín, kẹ́ ẹ má lọ fi owó oúnjẹ san án.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí sikọláṣíìpù, torí òun ló mú kí ọmọ tíṣà bíi tèmi lè kàwé níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Ítálì ló ní ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́: ER.GO ló wà ní agbègbè Bologna, EDISU ní agbègbè Torino. Kì í ṣe máàkì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, bí kò ṣe bí ilé yín ṣe rí. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní ISEE parificato, tó ń sọ iye tó ń wọlé fún àwọn òbí yín àti ohun ìní wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ kó ìwé ẹ̀rí yẹn láti ilé, kí wọ́n tú u sí èdè Ítálì, kí ọwọ́ ìjọba sì kàn án. Ó rọrùn láti sọ o. Ẹ wá lọ bi màmá yín tó ń ta aṣọ lọ́jà Gbági pé èló ló pa lọ́dún tó kọjá. Tèmi wò mí títí, ó ní, "Ta ló rán ẹ?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà pé kì í ṣe àwọn agbowó-orí ló ń lò mí.

Tí wọ́n bá sì ti fún yín, ìdè wà nídìí rẹ̀. Ìwé gboyè àkọ́kọ́ jẹ́ kírẹ́díìtì 180, ti gboyè kejì 120, 60 lọ́dún kan. Ẹni tó wà lọ́dún àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti kó iye kan jọ kó tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá kùnà lè pàdánù owó tó kù, ẹni tó bá tún kùnà pátápátá, wọ́n á ní kó dá èyí tó ti ná padà. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà lórí kẹ̀kẹ́ lálaalẹ́, kó bàa lè san owó tó ti fi jẹun lọ́dún tó kọjá. Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Òun ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń sùn nínú kíláàsì.

Ilé ńkọ́? Bologna ní ohun kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé tí wọ́n ń pè ní pọ́tíkò ló bo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ káàkiri ìlú. Tí wọ́n bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó kìlómítà 62. Òjò lè rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kẹ́ ẹ rìn délé-ìwé láìní agboòrùn. UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2021 náà tí mo débẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó bí i? Àwọn èèyàn ń rọ́ wọ̀lú láyé ọjọ́un, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn, àwọn onílé wá ń fa yàrá òkè jáde sórí pópó kí wọ́n lè rí àyè sí i, wọ́n fi òpó gbé e dúró nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, yàrá ò tíì tó.

Yàrá ẹlẹ́nì kan, yàrá ẹlẹ́ni méjì, tàbí posto letto, ìyẹn àyè bẹ́ẹ̀dì lásán nínú yàrá ẹlòmíràn: ohun tẹ́ ẹ máa rí lójú ìwé ìpolówó nìyẹn. Àyè bẹ́ẹ̀dì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí n tó rí i, mo pe nọ́ńbà tó lé ní ogójì. Èyí tí mi ò gbàgbé ni onílé kan tó ní yàrá ṣófo, tó bi mí lórúkọ. Bí mo ṣe pe orúkọ mi tán ni yàrá náà kún. Kì í sì í ṣe àwa àlejò nìkan lọ̀rọ̀ náà ń dùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọmọ Ítálì kan pa àgọ́ síwájú Politecnico, yunifásítì kan ní ìlú Milan, ó sùn síbẹ̀ nítorí owó ilé tó ga. Kò pẹ́ tí àgọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù níwájú yunifásítì káàkiri orílẹ̀-èdè náà, Bologna náà ò gbẹ́yìn.

Ẹ tún máa gbọ́ onílé tó máa ní "in nero." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ní dúdú." Ohun tó ń sọ ni pé ẹ máa sanwó, àmọ́ ìjọba ò ní gbọ́, ìwé àdéhùn ò sì ní sí. Ó lè dín owó díẹ̀ fún yín. Ẹ má gbà. Ìwé àdéhùn yẹn ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín tí àgò ìgbélùú bá fẹ́ kú, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gba sikọláṣíìpù bí ẹni tó fi ilé jìnnà. Ní tèmi, mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ "ní dúdú" yẹn. Èmi tí mo dúdú yìí, gbogbo nǹkan mi ló wà lójú ìwé.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé: ọmọ Calabria kan, ọmọ Puglia kan, ọmọ Tọ́kì kan, èmi ìkẹrin. Àwọn ọmọ gúúsù Ítálì yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kára tù mí, torí àlejò làwọn náà ní Bologna. Oṣooṣù ni màmá wọn ń di páálí ránṣẹ́: òróró olífì nínú ike epo mọ́tò, tòmátì inú ìgò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sè, sọ́séèjì olóata tó ń ta sánsán. "Páálí láti ìsàlẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Tó bá dé, gbogbo ilé ló máa dákẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Màmá ọmọ Calabria yìí tún máa ń pè lálaalẹ́ láti bi í bóyá ó ti jẹun àti bóyá ó fi nǹkan bọ ọrùn, torí wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ síni lọ́rùn lè dáni gúnlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ ohùn ìyá tèmi nínú ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, èdè ló yàtọ̀.

Oúnjẹ wọn dùn, àmọ́ òfin rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ lọ. Ẹ lè mu kapuṣínò ní àárọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n pò ó fún yín lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọlọ́kọfí á wò yín bí ẹni pé ẹ ń ṣàìsàn. Ẹ dúró mu kọfí yín nídìí káńtà, ìjókòó lówó nínú. Sùpàgẹ́tì Bolognese tí gbogbo ayé ń sè, kò sí i ní Bologna. Tagliatelle ni wọ́n ń jẹ ọbẹ̀ ẹran yẹn mọ́, fífẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ ní ilé àwọn oníṣòwò ìlú náà láti 1972: mílímítà 8 tó bá ti jinná. Ẹ ṣáà fọkàn yàwòrán rẹ̀, kí àwọn ará Ìbàdàn lọ fi ìwọ̀n àmàlà sílẹ̀ lọ́dọ̀ amòfin! Èmi ò bínú sí wọn. Àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń jẹ ni wọ́n.

Epo pupa ni ìjà wa. Lára ike bisikíìtì, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ pé kò sí epo ọ̀pẹ nínú rẹ̀, bí ẹni ń kọ pé kò sí májèlé. Ọjọ́ tí mo gbé ìgò epo mi jáde láti se ẹ̀fọ́, ọmọ Puglia yẹn bá mi ṣe ìkìlọ̀ fún wákàtí kan. Mo se é. Ó jẹ ẹ́. Ó tún bù sí i. Àmọ́ pánla gbígbẹ tó le bí igi, èyí tí àwọn Ígbò ń pè ní okporoko, mi ò ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Norway kan náà ni àwọn àti àwa ti ń rà á, òun sì ni wọ́n fi ń se oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn ní Vicenza, ìlú kan ní àríwá Ítálì. Nínú gbogbo ẹrù tí mo gbé lọ, òun nìkan ni wọ́n mọ̀ kí n tó dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu ọ̀nà, ibi tí ọmọ Yorùbá ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ti Amẹ́ríkà wá kàwé níbẹ̀ máa ń ráhùn pé àwọn èèyàn yìí kí ara wọn jù. Èmi ò rí ohun tó pọ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́, "buon lavoro": ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, "buon appetito." Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, "bentornato": ẹ káàbọ̀. Kí Sunday tó dé, "buona domenica." Ẹni tó ń kàwé, ẹni tó ń lọ nasẹ̀, ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìsinmi, gbogbo wọn ló ní tiwọn. Ẹ kú, ẹ kú, ẹ kú náà ni. Bákan náà ni "tu" àti "Lei": ìwọ àti ẹ̀yin. Ọmọ Amẹ́ríkà yẹn á máa pe ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìwọ, ojú á máa tì mí. Wọ́n fẹ́ràn oyè náà bíi tiwa. Ẹni tó bá ti gboyè àkọ́kọ́ ti di "dottore," "dottoressa" tó bá jẹ́ obìnrin. Kò dúró de PhD.

Ibi tí ẹnu ti wúlò jù ni ìdánwò. Àfẹnusọ ni púpọ̀ nínú ìdánwò wọn, níwájú gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jókòó gbọ́ ọ. Ẹ máa lọ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ kan pàtó. Ẹni tó bá gbàgbé, ó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ máa jókòó síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, tábìlì kan ló wà láàárín yín. Nígbà mìíràn ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, ẹ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá wù yín. Àwọn ọmọ tó mọ ìwé kọ dáadáa ti gọ̀ níbẹ̀ níṣojú mi. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé tí wọ́n ti ń pàlọ́, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀, àǹfààní rẹ̀ ni. Kó tó wọlé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Sí ẹnu ìkookò!" Ẹ má dúpẹ́ o, èèwọ̀ ni. "Kó kú!" ni ìdáhùn rẹ̀.

Máàkì 30 ló ga jù, 18 ni wọ́n fi ń yege. Tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá dárúkọ máàkì tán, á bi yín pé, ṣé ẹ gbà á? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo rò pé ọjà Bódìjà ni mo wà. Òótọ́ ni: ẹ lè kọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ padà wá ní ìgbà mìíràn. Wọ́n fún mi ní 24. Mo wo ara mi, èmi tí mo ti gba ẹ̀bùn ní Ìbàdàn, mo ní mi ò gbà. Mo kàwé fún oṣù kan àti ààbọ̀, mo padà wá. Wọ́n fún mi ní 20. Kò sẹ́ni tí mo lè dá lẹ́bi. Mo gbà á, mo dákẹ́ lọ sílé.

Mi ò ní tàn yín, ìlẹ̀kùn kan wà tí "permesso" ò ṣí. Tí àwọn ayẹ̀tíkẹ́ẹ̀tì bá wọ bọ́ọ̀sì, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ̀ bọ̀. Tí mo bá ní Nàìjíríà ni mo ti wá, wọ́n á ní, "Benin City?" torí àwọn ọmọ Ẹdó ló pọ̀ jù nínú wa níbẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì ti sọ orúkọ ìlú náà di orúkọ òwò ẹrú obìnrin. Ọkùnrin ti dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lálẹ́, tó ń béèrè iye, ìwé ilé-ìkàwé wà lábíyá mi. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn obìnrin Ẹdó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn yẹn ló gbà mí lọ́wọ́ ebi ní oṣù kejìlá àkọ́kọ́, nígbà tí owó sikọláṣíìpù ò tíì wọlé. Èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù gàrí lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin kọ orúkọ mi sínú ìwé gbèsè rẹ̀, kò béèrè Z335 lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ sì gbọ́ ọmọ Yorùbá kan tó ń ní "Àwa kì í ṣe ti àwọn yẹn," ẹ sún mọ́ ẹlòmíràn.

Àǹfààní kan wà tí mo pàdánù. Ilé ìṣọ́ méjì ló wà láàárín Bologna, Asinelli tó ga tó mítà 97 àti Garisenda tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gun Asinelli kó tó gboyè, kò ní gboyè mọ́. Onígbàgbọ́ ni mí, ẹ̀rù ò bà mí, ṣùgbọ́n mi ò gùn ún. Mo ní tí mo bá parí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 wọ́n rí i pé Garisenda fẹ́ wó, wọ́n sọ ọgbà yí i ká, wọ́n ti Asinelli náà pa mọ́ ọn. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni mo gboyè.

Físà àwọn òbí mi ò jáde. Orí fóònù ni wọ́n ti wò ó, ìyá àgbà ìsàlẹ̀ ilé ló di fóònù náà mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìdajì àwọn tó wà nílé ò rí ju òrùlé lọ. Mo sọ̀rọ̀ lórí àpilẹ̀kọ mi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní ká jáde, wọ́n tún pè wá wọlé, wọ́n ka máàkì: 106 nínú 110. Ní ìta, àwọn ará ilé wa dé adé ewé tútù lé mi lórí. Ewé alloro ni, òun ni wọ́n ń dé fún gbogbo ẹni tó bá gboyè, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù pupa so ó. Mi ò jẹ́ kó sọnù. Ó ti gbẹ nígbà tí mo gbé e dé Ìbàdàn ní oṣù keje, mo gbé e kọ́ ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá mi àgbà.

Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo jí, mo rí i pé adé mi ti ní àlàfo níwájú. Mo lọ bá màmá mi ní kíṣìnnì. Ó ti gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kaná. Ó ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé ewé ìrẹsì ni wọ́n dé sí ẹ lórí ni? Èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà ò ta sánsán tó bẹ́ẹ̀." Mo gbóòórùn rẹ̀. Òótọ́ ni màmá mi sọ. Ewé mẹ́rin ló já.